Àpótí Àwọn Tí Kò Tíì Kú

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀rọ náà kọ ọ́ jáde pé ọmọ mi yóò kú lọ́jọ́ Ẹtì.

Kò kọ ọ́ bí ẹni tó ń halẹ̀. Ó kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la. Orúkọ ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ náà, lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe dá a lójú tó: mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló sì ṣe ẹ̀rọ yẹn. Òun ni Àbígbẹ̀yìn, èyí tí mo bí nígbà tí gbogbo ayé rò pé ikùn mi ti ti ilẹ̀kùn, tí mo ń fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ bí ẹni jí adìẹ.

Kí ẹ tó ní arúgbó yìí ti ń ṣarán, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi to lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ ìwé nígbà náà nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí ọmọ mi ń bá ṣiṣẹ́ yìí. Orí àga kan náà ni mò ń jókòó sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìdí mi sì fẹ̀ débi pé àga ló kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì. Ìdí-Òjé ni wọ́n ń pè mí. Mi ò bínú. Ohun tí Ọlọ́run bá fi ṣe èèyàn lọ́ṣọ̀ọ́, kí onítọ̀hún máa gbé e kiri ni.

Ojú-Ọ̀la ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ẹ̀rọ náà. Ìwé ìròyìn ogójì ọdún ni ọmọ mi fún un kà. Ó kà á bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ìwé, kò yọ ìpolówó sílẹ̀, kò yọ ìkíni ọjọ́ ìbí. Ó wá mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé ohun: bí irú ìròyìn báyìí bá jáde lónìí, tí irú tọ̀hún tẹ̀lé e, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Láràárọ̀, bí aago bá ti lu mẹ́fà, á ka gbogbo ohun tuntun tó wọlé, á sì tẹ ìwé kan jáde nípa ohun tó ń bọ̀. Ó ní afárá kan máa wó, afárá wó. Ó ní àwọn awakọ̀ máa daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn tó máa kú. Agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan ló kọ́kọ́ pè. Ọjọ́ tó dá gan-an ni ọkùnrin náà lọ.

"Àṣìṣe ni, Màámi," ni Àbígbẹ̀yìn wí, ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì mi. "Ẹ̀rọ kì í ṣe wòlíì. Ohun tó bá kà ló ń sọ."

"Kí ló wá kà?"

Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí ẹ̀rọ máa ń kọ gbólóhùn tó mú un sọ ohun tó sọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: Ó ká ẹní rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì jí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ìka mi mọ gbólóhùn yẹn ju bó ṣe mọ ojú ọkọ mi lọ. Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni mo ti tò ó ní lẹ́tà òjé. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń kọ bẹ́ẹ̀: Baba Ìdágbére, tó ti ń kọ ìròyìn òkú láti ìgbà tí ọmú mi ṣì ń wo òkè.

"Níbo lo ti rí èyí fún un kà?"

"Inú àpótí irin tó wà ní yàrá Baba Ìdágbére. Gbogbo ìròyìn òkú àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ ayàwòrán kékeré sínú rẹ̀ kí Ojú-Ọ̀la lè máa kà á láràárọ̀."

"Àtijọ́ bàbá ta ni? Ìwọ ọmọ yìí! Àwọn tó wà nínú àpótí yẹn ò tíì kú!"

Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn rí, ẹ gbọ́. Bí ẹni ńlá bá ń dàgbà tàbí tó ń ṣàìsàn, a kì í dúró kó kú ká tó kọ nípa rẹ̀. A ti máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ti lọ, a ó fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo, a ó sì tì í mọ́ inú àpótí. Ó lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún, kí olúwa rẹ̀ máa jẹ, kó máa jó. Baba Ìdágbére tún ní àṣà tirẹ̀. Kó tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, á kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé òfìfo náà, orúkọ rẹ̀ gbàgàdà, kí ẹnikẹ́ni má baà jí iṣẹ́ rẹ̀. Àwa a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ló ń kọ́kọ́ dé sàréè kí olókùú tó dé.

Ọmọ mi ò mọ̀. Ta ló sọ fún un? Ó rò pé ìwé òkú, ìwé òkú ni. Ẹ̀rọ rẹ̀ náà rò bẹ́ẹ̀: ìwé ikú ti wà nílẹ̀, ìròyìn ikú kò tíì jáde, a jẹ́ pé ikú wà lọ́nà.

"Ta ló wá kọ tèmi, Màámi?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Yàrá mi ṣàdédé ń rùn bíi kàfúrà. Kò sì sí kàfúrà nínú ilé mi.

*

Ọjọ́rú tó ṣáájú, lọ́sàn-án gangan, ni Baba Ìdágbére ti gun àtẹ̀gùn ilé pákó kan lẹ́yìn ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Bí mo ṣe mọ̀? Ìyá Agbálẹ̀, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé iṣẹ́ wa, àbúrò rẹ̀ ló ń lẹ taya nísàlẹ̀ ilé yẹn. Pákó ní ihò, etí ò sì ní ìdérí.

Ọ̀gá Pátápátá, ẹni tó ni ilé iṣẹ́, ti pe Baba Ìdágbére láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Baba, ẹ lọ sinmi. Ẹ̀rọ ti ń mọ ẹni tó ń lọ kí ẹ̀yin tó mọ̀. Tí oṣù bá ti parí, ẹ kó ẹrù yín." Lẹ́yìn ogójì ọdún. Kò tilẹ̀ ní kó jókòó.

Oníṣègùn tó wà lókè àtẹ̀gùn náà kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ, síbẹ̀ "ìwọ" ló ń pe baba tó lè bí i.

"Kí ni ìwọ ń fẹ́?"

"Ọmọbìnrin kan ni. Kó lọ, kí ẹ̀rọ rẹ̀ bá a lọ."

"Ẹ̀rọ náà máa ń pe orúkọ?"

"Ó máa ń pè é."

Ẹni tó ń lẹ taya ní gbogbo taya òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í mí, tí afẹ́fẹ́ ń jáde lára wọn díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

"Ẹ̀rọ yẹn ní ojú, kò ní ẹnu," ni ọkùnrin náà wí. "Èmi á là á lẹ́nu. Láti ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ, orúkọ tó bá pè láàárọ̀ Ẹtì, kí oòrùn tó kan àtàrí, olúwa rẹ̀ ti lọ. Lọ kọ tirẹ̀ bí o ṣe ń kọ ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kọ ọjọ́ Ẹtì sí àyè ọjọ́."

Ó fún un ní abẹ́rẹ́ kan àti nǹkan dúdú tó wé sínú aṣọ. Kí ni nǹkan dúdú náà? Ẹ má bi mí. Mi ò fẹ́ mọ̀.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan o," ọkùnrin náà tún wí. "Oògùn mi ò mọ ọmọ yẹn, kò mọ ìwọ náà. Orúkọ tí ẹ̀rọ bá pè ló ń tẹ̀lé."

Baba Ìdágbére rẹ́rìn-ín. "Orúkọ ta ni ì bá tún pè? Ṣebí èmi ni mò ń kọ ọ́."

*

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ mi pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ nínú ẹ̀rọ. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rọ tún ka inú àpótí, orúkọ náà padà wá: méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ní òun máa kọ́ ẹ̀rọ náà kó má ka àpótí yẹn mọ́. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, àwọn lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Wọ́n ń rìn bí ìjàlọ, Màámi," ló sọ fún mi lórí fóònù. Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, kò rí nǹkan kan mọ́ àfi ìmọ́lẹ̀ funfun. Wọ́n fà á lọ́wọ́ wálé bí arúgbó. Dókítà yẹ ojú náà wò, ó ní ó dá ṣáṣá.

Ó bẹ Ọ̀gá Pátápátá pé kó pa ẹ̀rọ náà. "Kí n pa á lásìkò tí gbogbo ìlú ń jà du ìwé wa?" ni ọ̀gá wí. "Ìwọ sáà sinmi, ara rẹ á yá."

Mo ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi Agbẹ̀bí. Àádọ́ta ọdún ló fi gbẹ̀bí, ó sì mọ àwọn egbò igi kan tí wọn ò kọ́ ọ ní ilé ìwòsàn. Ó wọlé, ó rí ọmọ náà lórí ibùsùn, ó figbe ta.

"Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi fà jáde nínú rẹ! Ọjọ́ yẹn lo gé mi jẹ!"

"Ìwọ lo gbé ọwọ́ sí mi lẹ́nu."

"Ẹnu rẹ ló gbòòrò, kò síbi tí èèyàn lè gbé ọwọ́ gbà!"

À ń rẹ́rìn-ín, àwa arúgbó méjì tí kò lójútì, títí ọmọ náà fi kérora. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ wa lẹ́nu.

Agbẹ̀bí se ewé, ó wẹ̀ ẹ́. Omi tó ń ṣàn kúrò lára rẹ̀ dúdú bíi yíǹkì. Nígbà tó nù ún gbẹ, a rí àmì wẹ́wẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo, láti èjìká dé èjìká. Agbẹ̀bí rò pé ara ló sú. Ṣùgbọ́n èmi to lẹ́tà òjé, lẹ́tà òjé a sì máa kọjú sódì. Mo kà á láti ọ̀tún wá sí òsì, bí mo ṣe kà á fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ó ká ẹní rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Agbẹ̀bí da omi náà nù jìnnà sílé. "Oògùn tí wọ́n fi yíǹkì sè, omi kì í fọ̀ ọ́. Ìwé kan wà níbì kan. Lọ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó mọ́."

"Tí mo bá yọ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹnu tí wọ́n ti là kì í pa dé lófìfo, ọ̀rẹ́ mi. Nǹkan gbọ́dọ̀ bọ́ sí i."

"Nǹkan bíi kí ni?"

Kò wò mí. Ó ń di ẹrù rẹ̀. Ó yé mi nígbà náà. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mo ti fi ń jẹun láyé yìí. Mo ti yó.

Kó tó lọ, ó já egbò igi kan fún mi, kò ju èékánná lọ. "Fi sábẹ́ ahọ́n. Bó bá ti wà níbẹ̀, ojú Baba Ìdágbére ò ní rí ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe. O lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n má rẹ́rìn-ín o. Bí o bá rẹ́rìn-ín, ó ti bàjẹ́."

"Èmi? Kí n má rẹ́rìn-ín?"

"Ìyẹn gan-an ni ìṣòro tí mo rí."

*

Lọ́jọ́rú, Ìyá Agbálẹ̀ wọ yàrá Baba Ìdágbére láti gbálẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń yan àwòrán ọmọ mi fún ojú ìwé, tó ń fi rúlà wọn ìlà dúdú tó máa yí i ká. Ó ń súfèé.

Nígbà tó ṣí àpótí irin láti wo ìwé náà, súfèé dá. Ó ti gún abẹ́rẹ́ mọ́ orúkọ ọmọ mi, ẹnu rẹ̀ sókè. Abẹ́rẹ́ ti yí. Ìsàlẹ̀ ìwé ló ń nà sí.

Ó yí i padà, ó ti àpótí, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún ṣí i. Ó ti tún yí.

"Ta ló fọwọ́ kan àpótí mi?" ó bi Ìyá Agbálẹ̀.

"Èmi kọ́ o, Baba. Ilẹ̀ nìkan ni mò ń gbá."

*

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ sí ilé iṣẹ́. Mo ti kọ ìwé ikú tèmi láàárọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo wé e sínú gèlè. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rí mi, ó fò sókè.

"Màmá Ìdí-Òjé! Ẹ ṣì wà láyé!"

"Ìdí mi ò gba ẹnu ọ̀nà ọ̀run, wọ́n ní kí n padà."

Nígbà tí mo kọjá rẹ̀ ni mo fi egbò sábẹ́ ahọ́n. Ó korò bí ọ̀rọ̀ ìyàwó àfẹ́kẹ́yìn. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá Baba Ìdágbére wọlé. Ó ti gbẹ. Kàfúrà ń rùn lára rẹ̀ bí aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí.

"Ìdí-Òjé! Nígbà tí mo ní kí n fẹ́ ọ, o ní mò ń rùn bí sàréè. Ṣé òórùn náà ló wá wù ọ́ báyìí?"

"Mo wá kí ọ kí o tó lọ ni."

"Èmi kọ́ ni mò ń lọ." Ó rẹ́rìn-ín múṣẹ́. Ó jókòó, ó fi ojú sí mi lára. "Jókòó, jẹ́ kí n rántí ìgbà ayé. O rántí ọjọ́ tí àga rẹ fọ́? Tí o yí gbirigbiri lọ bá ọ̀gá àtijọ́, tí o jókòó lé e lẹ́sẹ̀, tí ó ní òun ò mọ ẹsẹ̀ òun mọ́?"

Yéè! Ẹ̀rín náà gbéra láti ìsàlẹ̀ ikùn mi. Mo rántí ojú ọ̀gá yẹn. Mo rántí bó ṣe ń pe ìyá rẹ̀. Ẹ̀rín dé àyà, ó dé ọ̀fun. Mo rántí ọmọ mi tó ń tọ ògiri lọ sí ilé ìwẹ̀. Mo gé ahọ́n mi jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu mi.

Ojú Baba Ìdágbére dí bíi gíláàsì tí wọ́n mí sí. Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, àga òfìfo ló ń bá sọ ọ́.

Àpótí irin wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi àti àpótí yẹn ti mọ ara wa tipẹ́. Bí èèyàn bá lù ú nísàlẹ̀ lápá òsì, ó máa ń là, kò sì sí ohun èlò tó dà bí ìdí mi nílé iṣẹ́ yẹn. Mo jù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó là.

Ìwé ọmọ mi gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Mo fà á yọ, abẹ́rẹ́ bọ́ sínú àpótí, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo fi ìwé tèmi sáyè rẹ̀, mo pa àpótí dé. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, Baba Ìdágbére ṣì ń sọ fún àga pé, "O wúwo lọ́jọ́ yẹn o, Ìdí-Òjé."

Mo sun ìwé náà lẹ́yìn ilé. Èéfín rẹ̀ kò lọ sókè. Ilẹ̀ ló wọ́ tọ̀, bí ejò, ó sì gba ọ̀nà tí mo gbà wálé padà.

*

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wẹ̀, mo kun àtíkè, mo wọ pátá tuntun kí àwọn tó máa wẹ òkú mi má baà rí ìran wò. Mo dùbúlẹ̀ ti ọmọ mi. Aago lu mẹ́fà.

Kò pẹ́, ó gbọ̀n. "Màámi, mo rí ọwọ́ mi." Ó yí ojú sí mi. "Mo rí yín. Kí lẹ kùn sójú báyìí?"

Mo dì í mú. Mo ní, ó ti tó, kí ẹni tó ń bọ̀ máa bọ̀. Fóònù dún. Ìyá Agbálẹ̀ ni, kò lè mí dáadáa.

"Màmá! Ẹ̀rọ ti pe orúkọ!"

"Mo mọ̀. Èmi ni."

"Ẹ̀yin kọ́ o! Baba Ìdágbére ni!"

Ohun tó rí nìyí. Baba Ìdágbére ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, pẹ̀lú kóòtù tuntun, kó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìwé náà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó kà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ ti ya wèrè. Ó tún un kà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sáré lọ sí àpótí, ó da gbogbo ìwé inú rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá ti ọmọ mi, kò rí i. Ó fa ìwé òfìfo kan, ó jókòó, ó wá gbójú sókè wo Ìyá Agbálẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin yẹn ti ń gbálẹ̀ fún un.

"Kí lorúkọ rẹ gan-an?" ló bi í.

Ìyá Agbálẹ̀ ju ọwọ̀ sílẹ̀, ó sá.

Nígbà tí òun àti ẹ̀ṣọ́ padà débẹ̀, orí Baba Ìdágbére ti wà lórí tábìlì. Kò ká ẹní kankan wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí èékánná rẹ̀ ti ha pákó títí dé inú. Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìwé náà funfun báláú, kò sí orúkọ ẹlòmíì lórí rẹ̀. Àṣà ogójì ọdún. Ó ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìsàlẹ̀.

*

Ọmọ mi padà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti bi ẹ̀rọ náà léèrè.

"Màámi, ìwé ikú ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ló kà. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Nígbà tí tèmi kúrò, orúkọ tó ń bá ikú rìn jù lọ ló pè."

"Tèmi ńkọ́? Mo kọ ọ́, mo fi síbẹ̀! Mo kọ ọ́ dáadáa!"

Ó wò mí. Omi wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n án lẹ́nu. "Ẹ kọ ọ́ pé arúgbó tó rẹwà jù lọ ládùúgbò fẹ́ ká ẹní rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ò jẹ́ kó ká. Ẹ̀rọ kà á. Ó kó o mọ́ ìwé àwàdà."

Mo bínú o! Èèyàn fẹ́ kú nítorí ọmọ rẹ̀, wọ́n ní ó ń ṣeré.

Ọmọ mi ti kúrò níbẹ̀. Ojú-Ọ̀la kò kúrò. Ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan ni Ọ̀gá Pátápátá ń tẹ orúkọ jáde lójú ìwé àkọ́kọ́, àwọn èèyàn sì ń tò láti ìdájí kí wọ́n lè mọ̀ bóyá tiwọn kò sí níbẹ̀. Èmi fúnra mi gun àtẹ̀gùn ilé pákó yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọdé ọkùnrin yẹn pé kó bá wa pa ẹnu náà dé.

"Wọ́n ní kí n là á," ló wí. "Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí fún ìdérí." Ó sì pe orúkọ mi, odindi, èyí tí bàbá mi sọ mí. Mi ò sọ ọ́ fún un.

Láràárọ̀, aago mẹ́fà, ẹ̀rọ náà ń ka gbogbo ohun tí èèyàn bá kọ. Yóò ka èyí náà. Kò mọ ìtàn yàtọ̀ sí ìròyìn, ó sì ti kọ́ pé orúkọ tó bá wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ikú, ti ikú ni. Bóyá á rí àwàdà nínú rẹ̀, kó yọ̀ǹda mi lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò ní dán an wò.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé yìí dáadáa. Òfìfo ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kó wà.